Orí Kẹsàn-án: Ẹ́ńsáìmù Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ewu Àrùn Ọkàn

Nínú orí tó ṣáájú èyí, a rí bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, a sì rí ohun tí ọkàn ń fojú rí lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìbéèrè tó kàn ni pé, ṣé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lápá ènìyàn lè ta wá lólobó pé àrùn ọkàn ń bọ̀, kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun onítọ̀hún, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, kó tó di pé ó ń mí hẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn? Ó lè ta wá lólobó dé àyè kan. Àmọ́ àfi kí ẹni tó ń ka èsì náà mọ ibi tí ẹ́ńsáìmù ọ̀hún ti wá, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti irú ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà lára rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọnù, nọ́ḿbà orí ìwé lè já ẹni tí ara rẹ̀ le láyà, ó sì lè fi ẹni tó wà nínú ewu lọ́kàn balẹ̀.

Àlímọ̀ṣọ́ la ó máa tọ́ka sí jù. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni èrò pọ̀ sí jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 níbẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àlímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó, ilé àyẹ̀wò aládàáni sì wà káàkiri láti Ẹgbẹ́dá dé Ìdímù títí wọ Ìkọ̀tún. Ẹni tó bá sanwó àyẹ̀wò ń gba ìwé kan tó ní orúkọ ẹ́ńsáìmù lápá òsì, nọ́ḿbà láàárín, àti ààlà ìwọ̀n lápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún yẹn ni wàhálà pọ̀ sí, a ó sì padà débẹ̀.

Ohun tí ilé àyẹ̀wò ń wọ̀n

Ẹ́ńsáìmù jẹ́ purotéènì tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà inú ara yá kíá, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán sídìí iṣẹ́ náà. Láìsí wọn, ara kò ní lè fa agbára yọ nínú oúnjẹ ní kíákíá tó fi máa gbé ẹsẹ̀ kan ṣáájú èkejì. Inú sẹ́ẹ̀lì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé, díẹ̀ ló jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ibùdó iṣẹ́ wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjà gààrí ṣe ń tà sí ní Ìkọ̀tún lè ka iye ìyá tó jókòó ti igbá gààrí. Ó sì lè ka iye kóńgò tí gbogbo wọn wọ̀n fún oníbàárà láàárín wákàtí kan. Ìyàtọ̀ wà nínú méjèèjì, nítorí ìyá kan lè jókòó síbẹ̀ kó máa tòògbé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù rí: ilé àyẹ̀wò kì í sábà ka iye rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń kà. Yúnìtì kan, tí a ń fi U kọ, ni ìwọ̀n ẹ́ńsáìmù tó lè yí máíkírómóòlù kan ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí padà ní ìṣẹ́jú kan. U/L tí ẹ ń rí lórí ìwé èsì túmọ̀ sí iye irú yúnìtì bẹ́ẹ̀ tó wà nínú lítà kan omi ẹ̀jẹ̀.

Nítorí pé iṣẹ́ là ń wọ̀n, ohunkóhun tó bá lè mú iṣẹ́ yá tàbí kó dá a dúró yóò yí èsì padà. Ooru wà lára wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ilé àyẹ̀wò fi fẹnu kò sí 37°C, ìwọ̀n ooru ara ènìyàn, kí èsì Ìgàndó àti èsì London lè ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mélòó kan nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìyànà Ìpájà, láìsí yìnyín nínú kúlà, ti pàdánù díẹ̀ nínú iṣẹ́ àwọn ẹ́ńsáìmù kan kó tó dé iwájú ẹ̀rọ.

Èyí tó jò àti èyí tó ń kìlọ̀

Ìròyìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ́ńsáìmù lè mú wá nípa ọkàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Ìkíní ni pé nǹkan ti bàjẹ́. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ iṣan ọkàn bá dí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á kú, awọ wọn á fàya, ohun tó wà nínú wọn á sì jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1954, LaDue, Wróblewski àti Karmen tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní New York fi hàn nínú ìwé ìròyìn *Science* pé ẹ́ńsáìmù tí a ń pè ní AST lónìí máa ń ga sókè nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí. Látìgbà náà ni dókítà ti ní ohun tó lè fi wá ọgbẹ́ ọkàn nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn AST ni LDH dé, lẹ́yìn náà ni creatine kinase, tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní CK. CK máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárín wákàtí 4 sí 8, ó máa ń dé góńgó ní nǹkan bíi wákàtí 24, ó sì máa ń padà sípò láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. LDH ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ tó ọjọ́ 8 sí 14 kó tó wálẹ̀, nítorí náà wọ́n lè fi mọ̀ pé ọkàn aláìsàn tó pẹ́ nílé ti fara gbọgbẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lónìí, troponin ló gbapò wọn. Troponin kì í ṣe ẹ́ńsáìmù. Purotéènì tó ń darí bí iṣan ṣe ń sún kì ni, ó sì dá ọkàn mọ̀ yàtọ̀ sí iṣan ẹsẹ̀ àti apá ju CK lọ.

Ìròyìn kejì ni orí yìí dá lé: ewu tó ṣì ń bọ̀. Níbí, kò tíì sí ohun tó fàya. Ẹ́ńsáìmù náà wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, a kàn ń bi í bóyá iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀ jù tàbí ó kéré jù.

Èyí tó ṣe kedere jù nínú wọn ni glutathione peroxidase 1, tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ hydrogen peroxide di omi kó tó ba awọ sẹ́ẹ̀lì àti òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, mínírà selenium ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ní 2003, Stefan Blankenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mainz, orílẹ̀-èdè Jámánì, gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 636 tí wọ́n fura pé òpó ọkàn wọn ti ń dí. Wọ́n ṣọ́ wọn fún bí ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́jọ. Àwọn tí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí ga jù lára wọn, ewu tí wọ́n ní kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ewu àwọn tí tiwọn kéré jù. Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí tó kéré ló léwu níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti há a sórí pé ẹ́ńsáìmù tó ga ni àìsàn yóò ka èsì yìí sódì pátápátá.

Paraoxonase 1 náà bẹ́ẹ̀. Ara HDL, ọ̀rá tí àwọn dókítà ń pè ní ọ̀rá rere, ló máa ń rọ̀ mọ́. Michael Mackness àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester ló fi hàn ní 1991 pé ó lè dí LDL, ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá búburú, lọ́wọ́ kó má baà bàjẹ́ sí ara òpó ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ìwádìí lórí àwọn ọkùnrin ìlú Caerphilly ní Wales rí i pé àwọn tí iṣẹ́ paraoxonase wọn kéré ni àrùn òpó ọkàn ń mú jù. Ohun tó mú ẹ́ńsáìmù yìí sún mọ́ wa ni orúkọ rẹ̀: paraoxon jẹ́ oró kan nínú ẹbí organophosphate, ẹ́ńsáìmù náà sì lè tú u palẹ̀. Inú ẹbí kan náà ni dichlorvos wà, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń tà lọ́jà gẹ́gẹ́ bíi Sniper, tó sì máa ń wà nínú ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń pò sínú ìgò. NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà ní 2019. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ọkàn àti èyí tó ń kọ́ nípa oró lè bá ara wọn pàdé lórí ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo.

GGT kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Vorarlberg, orílẹ̀-èdè Austria, tí wọ́n gbé jáde ní 2005 lórí àgbàlagbà tó lé ní 160,000, rí i pé àwọn tí GGT wọn ga ń kú nípa àrùn ọkàn ju àwọn yòókù lọ. Ọtí máa ń gbé e sókè. Níbi tí paragá ti ń tà ní gáréèjì láti àárọ̀ kùtùkùtù, ẹni tó bá rí GGT gíga gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí onítọ̀hún ń mu, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, kó tó mẹ́nu kan ọkàn.

CK: ààlà ta ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé èsì?

Nínú gbogbo ẹ́ńsáìmù tó wà nínú orí yìí, CK ló kàn wá jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì kà jù. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e láti apá ènìyàn dé orí ìwé.

Ẹ mú alábàárù kan ní ọjà Ìkọ̀tún gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ọkùnrin ẹni ọdún 34 tí dókítà ní kó lọ ṣàyẹ̀wò nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò kí i, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká apá ẹ̀wù yín sókè, ẹ di ìkúùkù." Ó so okùn rọ́bà mọ́ òkè ìgunpá, ó fi òwú tí wọ́n rẹ sínú spirit nu awọ ara, ó sì fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí pupa. Ìgò náà kò ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí a fẹ́ kó dì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí, sẹ́ẹ̀lì á lọ sí ìsàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè á sì dúró lókè. Bí omi náà bá pọ́n, a jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò dára fún LDH àti AST rárá, torí àwọn ẹ́ńsáìmù yìí kún inú sẹ́ẹ̀lì pupa bámúbámú, ó sì lè ba èsì CK náà jẹ́. Kí wọ́n fa òmíràn ló dára. Ó ń dun aláìsàn, àmọ́ èsì èké ló burú jù.

Iṣẹ́ CK nínú ara ni láti gba fọ́sífétì lára creatine phosphate kó sì fi fún ADP, kí ADP di ATP, agbára tí iṣan ń ná. A kò lè fojú rí ATP. Nítorí náà ilé àyẹ̀wò so ẹ́ńsáìmù méjì mọ́ ọn. Hexokinase yóò fi ATP náà yí glúkóòsì padà, lẹ́yìn náà G6PD yóò sọ NADP di NADPH. NADPH máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 340 nm mọ́ra, ẹ̀rọ á sì máa wo bí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá ṣe ń dín kù. G6PD tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò yìí ni ẹ́ńsáìmù kan náà tí kò pé lára nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín Yorùbá, èyí tí Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ribiribi lé lórí ní UCH Ìbàdàn láàárín ọdún 1960 sí 1970 ó lé. Inú ìgò, ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn àyẹ̀wò ló fi í síbẹ̀, nítorí náà àìpé G6PD aláìsàn kì í yí èsì CK padà.

Ìṣirò wá kàn. Ká ní ohun tí ẹ̀rọ rí ń gòkè pẹ̀lú 0.03 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, pé gbogbo omi tó wà nínú ìgò ìdíwọ̀n jẹ́ mílílítà 1, pé omi ẹ̀jẹ̀ tí a fi sí i jẹ́ mílílítà 0.02, pé ìmọ́lẹ̀ sì gba sẹ̀ǹtímítà 1 kọjá. Nọ́ḿbà tí a mọ̀ mọ́ NADPH ní 340 nm ni 6.22.

CK = (0.03 × 1 × 1000) ÷ (6.22 × 0.02 × 1) = 241 U/L

Lórí ọ̀pọ̀ ìwé tó ń bá oògùn àyẹ̀wò wá láti òkè òkun, ààlà òkè fún ọkùnrin wà nítòsí 190 tàbí 200. Kọ̀ǹpútà yóò fi àmì H, tó túmọ̀ sí pé ó ga jù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ 241 yẹn. Ọkùnrin náà yóò gbé ìwé náà lọ sílé, ìdílé rẹ̀ yóò sì gbà pé iṣan ọkàn rẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Àṣìkà nìyẹn. Ààlà ìwọ̀n máa ń wá láti ara àwọn èèyàn tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ara àwọn aláwọ̀ funfun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ààlà CK ti wá. Ìlànà tí àjọ àwọn oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ara ní Yúróòpù gbé jáde ní 2010 gbà pé ó yẹ kí ààlà aláwọ̀ dúdú dá yàtọ̀: 801 U/L fún ọkùnrin dúdú àti 414 fún obìnrin dúdú, nígbà tí ti ọkùnrin tí kì í ṣe dúdú jẹ́ 336, ti obìnrin wọn sì jẹ́ 217. Pẹ̀lú ààlà yìí, 241 alábàárù wa kò jọni lójú rárá. Mo gbà pé kò sí ilé àyẹ̀wò kan ní Àlímọ̀ṣọ́ tó yẹ kó máa tẹ ààlà CK àjèjì sórí ìwé láìṣàlàyé. Ìpayà tí àmì H kan ń dá sílẹ̀ ń ná ìdílé lówó, ó sì lè mú kí aláìsàn tó ń lo oògùn ọ̀rá irú atorvastatin jáwọ́ nínú rẹ̀ láìnídìí, nítorí CK ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ bóyá oògùn náà ń pa iṣan lára.

Ká tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ìbéèrè mìíràn wà. Ṣé ó ru àpò sìmẹ́ǹtì lánàá? Ṣé ọ̀kadà gbé e ṣubú? Ṣé ó gba abẹ́rẹ́ ibà ní ìdí lọ́wọ́ oníkẹ́místì? Abẹ́rẹ́ inú iṣan máa ń gbé CK sókè, iṣẹ́ àṣelàágùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó wálẹ̀. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àyẹ̀wò ló bọ́gbọ́n mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń jẹun lórí ẹrù tó bá rù lóòjọ́ kò ní rọrùn fún láti sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tí CK lè máa sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru

Kí ló dé tí CK fi ga lára wa? Lizzy Brewster, oníṣègùn ní Amsterdam, ló fọwọ́ líle mú ìbéèrè yìí. Ó gbà pé CK tó pọ̀ nínú iṣan jẹ́ kí ATP wà ní sẹpẹ́ níbi tí òpó ẹ̀jẹ̀ ti ń sún kì àti níbi tí kíndìnrín ti ń dá iyọ̀ padà sínú ara. Ara tó ní agbára lọ́wọ́ báyìí lè sáré dáadáa, ṣùgbọ́n òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tètè fún pọ̀, iyọ̀ á sì dúró sí i lára. Ní 2006, ó gbé ìwádìí SUNSET jáde nínú *Circulation*: èèyàn 1,444 ní Amsterdam, àwọn aláwọ̀ funfun, àwọn tí ìran wọn wá láti Íńdíà, àti àwọn ọmọ Suriname tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó kẹ́yìn yìí ni CK wọn ga jù. Bí CK ṣe ń ga ni ẹ̀jẹ̀ ń ru sí i, láàárín gbogbo ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí àwọn ará Tromsø ní Norway tún wo èèyàn tó lé ní 12,000 ní 2011, níbi tí aláwọ̀ dúdú kò ti wọ́pọ̀, CK àti ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì jọ ń rìn. Ìyẹn jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọ̀ ara lásán.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni irú àrùn ọkàn tó ń pa àwọn èèyàn wa. Ìwé àjèjì kún fún òpó ọkàn tó dí. Ṣùgbọ́n ìwádìí THESUS-HF, tí wọ́n gbé jáde ní 2012 lórí aláìsàn 1,006 tí ọkàn wọn kò lè ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, Nàìjíríà sì wà lára wọn, rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Òpó ọkàn tó dí kò fa ju nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọjọ́ orí wọn, ní ìpíndọ́gba, jẹ́ 52. Ẹni ọdún 52 ní ilé wa ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ.

Ẹ́ńsáìmù ACE àti àwọn ìdílé Ìgbò-Ọrà

Ìwádìí tó sún mọ́ Àlímọ̀ṣọ́ jù kò ju ìrìn wákàtí mélòó kan lọ. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Loyola ní Chicago, Richard Cooper, Charles Rotimi àti Adebowale Adeyemo wà lára wọn, ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ìgbò-Ọrà àti Ìbàdàn. ACE ni ọ̀kan lára ẹ́ńsáìmù tí wọ́n wò. Òun ló ń sọ angiotensin I di angiotensin II, ohun tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Oògùn lisinopril àti àwọn ẹbí rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ń dí lọ́wọ́.

Ní 2001, Xiaofeng Zhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì jáde lórí ọmọ Nàìjíríà 1,343 láti ìdílé 332. Ibì kan ṣoṣo nínú jíìnì ACE ló ṣàlàyé 19 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà nínú ìwọ̀n ACE láàárín ènìyàn sí ènìyàn. Ohun ńlá nìyẹn fún ẹyọ ibì kan. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ibi méjì nínú jíìnì náà ní láti pa ọwọ́ pọ̀ kí ìbáṣepọ̀ kankan tó fara hàn. Ọ̀nà láti jíìnì dé ẹ́ńsáìmù tọ́, ó sì kúrú; láti ẹ́ńsáìmù dé àìsàn, ó wọ́, iyọ̀, ọ̀rá ara, ọjọ́ orí àti oorun sì wà lójú ọ̀nà náà.

Ẹgbẹ́ Cooper yìí kan náà ló fi hàn ní 1997 pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú 16 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n wò, 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, àti 33 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni, ìgbé ayé ló yàtọ̀. Mo rò pé ẹni tó kó kúrò ní abúlé wá sí Ìgàndó, tó ń jẹ núdùù àti súyà lálẹ́, tó ń lo wákàtí mẹ́rin lójoojúmọ́ nínú dánfó, ti gbé ẹsẹ̀ kan lórí ìrìn àjò yẹn láì kúrò ní Nàìjíríà.

Àmì yàtọ̀ sí okùnfà

Bí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù kan bá ń ga níbi tí ewu wà, ṣé bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ewu náà á lọ? Ìtàn Lp-PLA2 ló dáhùn rẹ̀. Láti ọdún 2000 ni ìwádìí láti Scotland ti fi hàn pé ọkùnrin tó ní púpọ̀ nínú ẹ́ńsáìmù yìí ń ní àrùn òpó ọkàn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ oògùn kan wá ṣe darapladib, tó ń dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́ dáadáa. Wọ́n dán an wò lára èèyàn tó lé ní 15,000 nínú ìdánwò STABILITY, àti lára èèyàn tó lé ní 13,000 nínú SOLID-TIMI 52. Èsì méjèèjì jáde ní 2014: iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn tó lo oògùn náà kò sàn ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ẹ́ńsáìmù náà ń rìn pẹ̀lú ewu. Òun kọ́ ló ń fa ewu náà, ó kéré tán kì í ṣe bí wọ́n ṣe rò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fún èèyàn ní selenium, mínírà tí glutathione peroxidase nílò, nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò. Kò dín àrùn ọkàn kù láàárín àwọn tó ti ń rí i tó nínú oúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá gbọ́ ẹni tó ń polówó àgúnmu tàbí oògùn oníhóró nínú ọkọ̀ láti Ẹgbẹ́dá sí Ìkọ̀tún pé òun yóò "gbé ẹ́ńsáìmù ọkàn sókè". Gbígbé nọ́ḿbà sókè kì í ṣe ìwòsàn.

Ohun tí àyẹ̀wò ẹ́ńsáìmù kò lè gbapò rẹ̀ ni àpò afẹ́fẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń dì mọ́ apá. Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, 140/90 sókè lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì tó láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú dókítà. Bí owó ọwọ́ ìdílé kò bá ju ti ohun kan ṣoṣo lọ, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ṣáájú ẹ́ńsáìmù èyíkéyìí tó wà nínú orí yìí. CK, paraoxonase àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣì jẹ́ irinṣẹ́ olùwádìí ju irinṣẹ́ ìtọ́jú ojoojúmọ́ lọ ní ti ewu tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Obìnrin kan ní Ìdímù ní CK 305 U/L. Fi ààlà méjì tí orí yìí mẹ́nu kàn fún obìnrin wò ó. Ìbéèrè mẹ́rin wo lo máa bi í kó o tó sọ pé èsì náà kọjá ààlà?

2. Ẹ̀rọ rí ìgòkè 0.05 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àwọn ìwọ̀n yòókù sì bá ti inú orí yìí mu. Ṣírò CK náà ní U/L.

3. Ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ glutathione peroxidase tó kéré fi léwu, nígbà tó jẹ́ pé GGT tó ga ló léwu.

4. Iná ọba lọ ní ilé àyẹ̀wò kan ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kò sì dé títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Fíríìjì kò ní inverter. Nínú AST, CK àti troponin, èwo lo máa ní kí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí sì nìdí?

5. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́, wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àgbàlagbà mẹ́wàá ní àdúgbò rẹ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kọ ọjọ́ orí, iṣẹ́ ọwọ́ àti èsì méjì sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 140/90, ṣàlàyé fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ náà.